Omi Tí Wọ́n Dà Sínú Ààrò

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì ọdún 2024, Màmá Bàṣírátù, tí gbogbo àdúgbò wọn ní Ọ̀jọ́ mọ̀ sí Ìyá Ẹlẹ́ja, da omi sínú ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja, wọ́n sì pa iná tí ìyá tó bí wọn fà lé wọn lọ́wọ́.

Àrínọlá, ọmọ-ọmọ wọn, ló pọn omi náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá níléèwé girama. Ó gbé korobá kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Màmá, ó sì sún sẹ́yìn. Tàjúdéènì bíríkìlà dúró nítòsí pẹ̀lú òòlù ńlá lọ́wọ́, kò sì jọ ẹni tí iṣẹ́ ọjọ́ náà wù.

"Ìyá Ẹlẹ́ja," ó ní, "mo ti wó ògiri rí, mo ti wó ṣáláńgá rí, mo ti wó ṣọ́ọ̀bù tí onílé àti ayálégbé ń jà lé lórí. Ṣùgbọ́n n kò wó ààrò tó ṣì ń gbóná rí. Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ta ló dá lójú?" Màmá dáhùn. "Ọládipúpọ̀ ló ní ká wó o. Ó ní mọ́tò òun ń bọ̀, kò gbọdọ̀ bá èéfín nílé."

Tàjúdéènì yíjú sí Àrínọlá. "Dípọ̀ tí mo mọ̀ yìí? Dípọ̀ tó jẹ́ pé bí ẹja bá jábọ́ sínú eérú, òun ló máa ń sáré he é jẹ? Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀?"

Àrínọlá ń wo omi inú korobá. "Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀," ó ní.

Irọ́ ni.

Màmá bu omi, wọ́n dà á sínú ààrò. Iná náà hó ṣùùù, eérú fò sókè, ó bo iwájú ìró wọn. Wọ́n tún bu òmíràn. Nígbà tí èéfín funfun náà rọlẹ̀, wọ́n tẹ ọwọ́ mọ́ ara ògiri ààrò náà bí ìyá tó ń wò bóyá ibà ti kúrò lára ọmọ, wọ́n sì wọlé lọ. Ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn tán ni Tàjúdéènì tó gbé òòlù sókè.

Nínú ẹbí Màmá, a kì í pa iná ààrò. Bí iṣẹ́ ọjọ́ bá parí, eérú ni wọ́n máa ń fi bo ẹyin iná mọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á wa eérú kúrò, wọ́n á ki èèpo àgbọn gbígbẹ sí i, wọ́n á fẹ́ ẹ, yóò sì tún ràn. Ọmọbìnrin tó bá ń lọ sílé ọkọ, inú àpáàdì ni yóò ti gbé ẹyin iná láti ààrò ìyá rẹ̀ lọ dá tirẹ̀. Ọmọṣẹ́ tó bá kọ́ṣẹ́ parí, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí Màmá ṣe gbé iná tiwọn dé ilé ọkọ nìyẹn, nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin ni wọ́n. Ọkọ wọn kú, iná kò kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí àti ìyàwó rẹ̀ kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Badagry, wọ́n sì fi Dípọ̀ àti Àrínọlá sílẹ̀ fún wọn. Iná kò kú. Orí iná yẹn ni Màmá ti tọ́ àwọn méjèèjì. Àrínọlá mọ gbogbo èyí dáadáa. Ẹjọ́ tí kò rí rò nìyẹn, nítorí kò lè sọ pé òun kò mọ̀.

Mọ́tò ló fà á.

Ọládipúpọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jẹ́ ẹnjinníà nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń kó ẹrù káàkiri ayé. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ya àwòrán mọ́tò pupa kan láti ara kàlẹ́ńdà àtijọ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ibi tó ń sùn. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní spọ́ọ̀tì káà ni: ó rẹlẹ̀ mọ́lẹ̀ bí alángbá, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Èéfín ẹja sọ àwòrán náà di dúdú, ṣùgbọ́n kò yọ ọ́. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wá tẹ́nu, kò lọ ra tòkunbọ̀. Ó gba ilé ìtajà mọ́tò kan ní Lẹ́kí lọ, ó sì ní kí wọ́n bá òun sọ fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní Jámánì pé kí wọ́n ṣe òun ní ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: àwọ̀ tí òun fẹ́, awọ tí òun fẹ́ lórí ìjókòó, àti lẹ́tà orúkọ òun lára ìjókòó náà.

Nítorí pé fóònù kì í sábà lọ lójú òkun, nọ́ńbà Àrínọlá ni ó fi sílẹ̀ fún wọn. Ọjọ́ tí yóò padà sínú ọkọ̀, ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bí wọ́n bá pè ọ́, gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ, kí o sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Bí wọ́n bá béèrè ibi tí wọ́n máa gbé e wá, sọ fún wọn pé kí ó dúró lọ́dọ̀ wọn títí n ó fi dé lóṣù kọkànlá. Má fi nǹkan kan kún un. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bọ̀dá mi. Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ náà nìyẹn," Dípọ̀ wí, ó sì fi ọwọ́ pa á lórí.

Bóyá Àrínọlá ì bá pa àṣẹ náà mọ́ bí kì í bá ṣe ti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Iléèwé wọn wà lápá Ìbà, òórùn èéfín ẹja sì máa ń tẹ̀ lé e dé ibẹ̀ lójoojúmọ́. Adéfúnkẹ́, ọmọ sójà tó ń gbé inú bárékè Ọ̀jọ́, ló máa ń dá a lápàárá jù.

"Bí Àrínọlá bá ti wọ kíláàsì, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí," á ní. "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun, ẹja ti dé!"

Gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín. Àrínọlá náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bó bá délé, á fọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kan, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

"Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín," ó ní. "Wọ́n ń ṣe spọ́ọ̀tì káà fún ẹ̀gbọ́n mi ní Jámánì báyìí. Tuntun. Kò sẹ́ni tó jókòó sínú rẹ̀ rí."

"Spọ́ọ̀tì káà, ní Ọ̀jọ́ yìí?" Adéfúnkẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. "Ṣé ìyẹ́ máa wà lára ẹ̀ ni? Àbí báwo ló ṣe máa ré kòtò tó wà ní Ìyànà Ìbà kọjá?"

"Ó máa dé kí a tó ṣe ayẹyẹ ìdágbére lóṣù keje. Ẹ máa wá sílé wa, ẹ máa ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo yín."

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn! Ọjọ́ ìdágbére, fọ́tò di ilé Àrínọlá! Bí a bá débẹ̀ tí a kò bá rí mọ́tò, Mọ́tò-ń-bọ̀ ni n ó máa pè ọ́ títí n ó fi kú."

Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu, kò sì ṣeé he mọ́. Láti ọjọ́ náà, àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a rìn délé. Ó dùn mọ́ ọn. Kò mọ̀ pé ẹni tó gun orí igi ẹlòmíràn lòun, àti pé onígi ni yóò sọ ìgbà tí òun máa sọ̀ kalẹ̀.

Ní ìparí oṣù kìíní, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà láti ilé ìtajà pè é.

"Ìròyìn ayọ̀," ó ní. "Ó ti kan mọ́tò ẹ̀gbọ́n yín ní ilé iṣẹ́. Bí kò bá sí ìdíwọ́, yóò dé lóṣù kẹrin. Ibo ni ká gbé e wá?"

Àrínọlá mọ ìdáhùn tó yẹ. Ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó sì rántí pé bí òun bá fi í fọhùn, Lẹ́kí ni mọ́tò náà yóò wà lọ́jọ́ ìdágbére.

"Ẹ gbé e wá sílé wa, ní Ọ̀jọ́."

"Ṣé ibi wà? Ohun tí mo ń sọ ni ibi tó mọ́, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tẹ́, tí kò sí eruku, tí kò sí èéfín. Èéfín máa ń ba ọ̀dà irú mọ́tò yìí jẹ́."

"Ibi wà, sà."

"Ó dáa. Ẹ bá wa ya fọ́tò ibẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì wo àgbàlá. Kànga wà lápá ọ̀tún. Sàréè bàbá àgbà wà lápá òsì. Láàárín, lábẹ́ páànù tí èéfín ti sọ di dúdú, ni ààrò Màmá wà, ẹja sì kún orí àwọ̀n irin rẹ̀. Kò sí ibòmíràn nínú àgbàlá náà.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Màmá, ó sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n rán an ni. "Màmá, Bọ̀dá Dípọ̀ ní kí a wá àyè fún mọ́tò. Wọ́n ní kí a wó ààrò."

Màmá ń yí ẹja padà. Ọwọ́ wọn dúró.

"Ọládipúpọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó mọ̀ pé iná wà níbẹ̀?"

"Wọ́n mọ̀."

Màmá gbé ẹja kan tó ti jinná kalẹ̀. "Àwọn àgbà ní a kì í rí ṣíṣú òjò ká da omi inú àmù nù," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gbé mi ró ló sọ̀rọ̀. N kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mo dínà ohun tó ti ń fẹ́ láti kékeré." Wọ́n sì ń yí ẹja wọn lọ.

Bí ó ṣe di ọjọ́ Sátidé tí wọ́n dami sí ààrò nìyẹn.

Tàjúdéènì kó àwókù náà lọ, ó fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ilẹ̀. Àrínọlá ya fọ́tò. Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà dáhùn pé ibẹ̀ dára. Ìdúró wá bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí oṣù kẹrin dé, wọ́n ní àwọ̀ tí Dípọ̀ yàn ti tán ní ilé iṣẹ́, àfi kí wọ́n pò ó lọ́tun. Nínú oṣù karùn-ún, wọ́n ní wọ́n ti kùn ún tán, awọ ìjókòó ló kù. Ọjọ́ tí Àrínọlá jáde nínú ìdánwò WAEC tí ó tún pè wọ́n, wọ́n ní ó ti di èbúté, ọkọ̀ tí yóò gbé e ni kò tí ì gbéra.

"Ẹ ní sùúrù," Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà máa ń sọ. "Ohun tí a bá ń ṣe fún èèyàn kan ṣoṣo, ó máa ń pẹ́."

Àrínọlá kọ ìdánwò rẹ̀ bí ẹni tó ru ẹrù. Á ka ìbéèrè tán, á rí i pé ààrò ni òun ń rò. Nílé, Màmá ṣì ń jí ní ìdájí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n á kírun, wọ́n á mú abẹ̀bẹ̀, wọ́n á jáde láti lọ fẹ́ iná. Bí wọ́n bá dé orí sìmẹ́ǹtì, wọ́n á dúró. Wọ́n á wá gbé àpótí síbẹ̀, wọ́n á jókòó, abẹ̀bẹ̀ á sì wà lórí itan wọn títí oòrùn á fi mú.

Àwọn tó ń kó ẹja tútù wá láti etí ọ̀sà ṣì ń yà. "Ẹ gbé e lọ síbòmíràn," Màmá á ní. Àwọn ará ilé kejì tí wọ́n máa ń wá fọn iná, tí wọ́n á sì tibẹ̀ tàkúrọ̀sọ, kò wá mọ́. Ilé dákẹ́. Nígbà kan, Màmá gé àgbá irin sí méjì, wọ́n ṣáná sí i, wọ́n to ẹja sórí rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹja jó, inú rẹ̀ kò jinná. Ìyá Ọláídé tó ń tajà ní ọjà inú bárékè rà á nítorí ojú, ṣùgbọ́n ó padà wá lọ́jọ́ kejì.

"Ẹ má bínú, Àlàájà," ó ní, ó kúnlẹ̀. "Àwọn oníbàárà mi ní ẹja yìí kì í ṣe tàná. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe pé ẹ ti kú ni, tí ẹlòmíràn ń fi orúkọ yín tà."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Sọ fún wọn pé mo wà láyé." Ṣùgbọ́n wọn kò to ẹja sórí iná mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́ ìdágbére pé, mọ́tò kò dé. Àrínọlá rò pé àwọn ẹgbẹ́ òun ti gbàgbé. Wọn kò gbàgbé. Bí ayẹyẹ ṣe parí, Adéfúnkẹ́ kó àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin kan sẹ́yìn, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, wọ́n sì já wọ ilé Àrínọlá pẹ̀lú tìróò lójú. Wọ́n kúnlẹ̀ kí Màmá níbi tí wọ́n jókòó sí lórí àpótí.

"Mọ́tò dà?" Adéfúnkẹ́ béèrè.

"Ó ṣì wà lórí omi."

"Yéè! Mọ́tò-ń-bọ̀!" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá ara wọn léjìká.

Adéfúnkẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wo àgbàlá náà yíká, ó wo páànù dúdú tí wọ́n kó jọ sídìí ògiri.

"Àrínọlá, ṣé ibí ni ẹ ti ń yan ẹja yẹn? Èyí tí bàbá mi máa ń ní kí wọ́n wá ra fún òun?"

"Ibí ni."

"Ẹ wá ń yan án níbo báyìí?"

Àrínọlá wo sìmẹ́ǹtì abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kí mọ́tò tó dé lẹ ti wó o?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Háà. Èmi ń ṣeré ni o. Òórùn yẹn, mo fẹ́ràn ẹ̀. Òun ni mo fi ń mọ̀ pé o ti wọ kíláàsì kí n tó gbójú sókè."

Wọn kò ya fọ́tò. Wọ́n lọ.

Nínú oṣù kẹjọ, fóònù Dípọ̀ wọlé. Àrínọlá ń lọta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí pé Màmá kò lè gbọ́ràn láìjẹ́ pé wọ́n gbé ohùn fóònù sókè.

"Màmá, oúnjẹ inú ọkọ̀ yìí ti sú mi. Ẹja yín ni mo ń lálàá rẹ̀. Bí mo bá dé, ìdí ààrò yẹn ni n ó jókòó sí, n kò ní dìde. Ṣé iná ń jó dáadáa?"

Ata dúró lábẹ́ ọmọ ọlọ. Màmá gbójú sókè, wọ́n wo Àrínọlá. Wọn kò wò ó tìbínú-tìbínú. Wọ́n kàn wò ó, bí ẹni tó ti ń rìn bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n wá sọ fún pé ibi tó ń lọ kọ́ nìyí.

"Iná ń jó, ọmọ mi," Màmá wí. "Iná ń jó dáadáa."

Wọ́n fi fóònù sílẹ̀. "Àrínọlá, bu omi fún mi mu," wọ́n ní. Ó bu omi wá lórí ìkúnlẹ̀, ó ń retí ọ̀rọ̀. Màmá mu omi náà tán, wọ́n dá ife padà fún un, wọn kò sì bi í ní ohunkóhun. Bí wọ́n bá nà án ni, ì bá sàn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú àpáàdì kan, ó fi ọ̀rá wé e, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjànìkin. Ìyá Fẹ́yìsetán ń gbé níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Màmá ló ti kọ́ṣẹ́ ẹja yíyan, ó sì gbé ẹyin iná lọ lọ́jọ́ tó parí. Àrínọlá ti rò ó já: bí òun bá rí iná náà lọ́dọ̀ rẹ̀, òun á gbé e padà sílé. Ọmọ iná ṣáà ni.

Ìyá Fẹ́yìsetán yọ̀ mọ́ ọn, ó mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀rọ onígáàsì kan ló wà níbẹ̀, ó ń dán gbinrin, ẹja tò sínú rẹ̀ ní ipele ní ipele.

"Màá, iná tí ẹ gbé láti ilé wa ńkọ́?"

"Iná ọ̀gá mi?" Obìnrin náà fọwọ́ nu ojú. "Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Ìgbà tí mo ra gáàsì yìí ni mo jẹ́ kí ó kú. Mo sọ fún ara mi pé kò séwu. Bí mo bá tún fẹ́ ẹ, ṣebí ó wà lọ́dọ̀ Màmá ní Ọ̀jọ́." Ó rí ọ̀rá ọwọ́ Àrínọlá, ó rí etí àpáàdì nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí iná Màmá?"

Àrínọlá fi ọwọ́ òfo padà. Láti Okokomaiko, ẹsẹ̀ ló fi rìn délé, àpáàdì náà sì ń lù ú nítan bó ṣe ń lọ.

Oṣù kọkànlá ni mọ́tò àti ẹni tó ni ín dé. Dípọ̀ kò tí ì sùn sílé tí ilé ìtajà fi pè é pé mọ́tò ti wà lórí ọkọ̀ àjàgbé lójú ọ̀nà Ọ̀jọ́. Ẹnu yà á. Ó jáde lọ pàdé wọn ní Ìyànà Ìbà. Nígbà tó padà, ẹ̀yìn ọ̀kadà ló ti sọ̀ kalẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, fóònù wà lọ́wọ́ kejì. Nígbà tó dé láàárọ̀, inú yàrá ni Màmá ti gbà á mọ́ra, wọ́n sì ti ní kó sinmi. Kò tí ì ráyè dé ẹ̀yìnkùlé. Ó kọjá lọ síbẹ̀ ní tààrà. Ó dúró sórí sìmẹ́ǹtì.

"Ta ló wó ààrò?"

"Èmi ni," Màmá wí. "Ó ti gbó."

"Màmá." Ó gbé fóònù sókè. "Wọ́n fi fọ́tò ibí hàn mí. Wọ́n ní àbúrò mi ló fi ránṣẹ́, pé ibi wà."

"Mo ní ó ti gbó, Ọládipúpọ̀. Fi ọmọ sílẹ̀."

Àrínọlá wó sórí eékún méjèèjì. "Màmá ń bò mí láṣìírí ni. Kò gbó. Èmi ni mo sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n wó o. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi rí mọ́tò lọ́jọ́ ìdágbére. Mo parọ́ fún Màmá, mo sì fi orúkọ yín parọ́."

Ó ń retí ìgbájú. Kò rí i. Dípọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbi tí ẹnu ààrò ti wà tẹ́lẹ̀.

"Ṣé o mọ ohun tí mo fẹ́ fi mọ́tò yẹn ṣe?" ó béèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo fẹ́ gbé Màmá sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n dìde nídìí ààrò, pẹ̀lú òórùn ẹja lára wọn, kí n sì gbé wọn káàkiri Ọ̀jọ́. Ìyẹn náà ni. Láti kékeré ni mo ti ń rò ó, nígbà tí wọ́n ń pe èmi náà ní ọmọ ẹlẹ́ja."

"Mọ́tò náà dà báyìí?" Màmá béèrè.

"Kò lè wọ àdúgbò wa, Màmá. Ikùn rẹ̀ ha mọ́ gọ́tà ní ẹnu òpópónà. Mo mọ̀ pé kò ní lè wọlé. Ìdí tí mo fi ní kí ó dúró ní Lẹ́kí nìyẹn. Wọ́n ti ń gbé e padà."

Lọ́sẹ̀ kejì, Tàjúdéènì tún padà wá. Dípọ̀ ló pè é. Ó fi òòlù fọ́ sìmẹ́ǹtì, ó fi amọ̀ mọ ààrò tuntun, kò sì gba ohunkóhun. Wọ́n ṣáná sí i. Ó jó dáadáa. Màmá dúró lójú ọ̀nà, wọ́n wò ó.

"Ó dára," wọ́n ní. "Àrínọlá ni kó máa lò ó. Ààrò ti ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ́ mi," Àrínọlá bẹ̀bẹ̀, ó dojú bolẹ̀.

"N ó kọ́ ọ. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní ń rọ́pò rẹ̀. Bí iná bá kú, eérú ní ń fi bojú. Mo gbà ọ́ ní ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, má sọ mí di eléèérú lẹ́ẹ̀kejì." Wọ́n wo iná tuntun náà. "Ohun tó dùn mí kì í ṣe mọ́tò, kì í ṣe fọ́tò. Ká ní o sọ fún mi pé ìwọ lo fẹ́ ẹ, ǹ bá bá ọ wá àyè sí iwájú ilé. Orúkọ ẹni tí mo fẹ́ràn ni o fi pa iná mi."

Màmá gbé àpótí wọn, wọ́n sì gbé e lọ sábẹ́ òrùlé. Wọ́n máa ń jókòó síbẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á máa sọ fún Àrínọlá ìgbà tó yẹ kó yí ẹja padà. Wọn kò fẹ́ iná mọ́ títí wọ́n fi re ibi àgbà ń rè, nínú ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ kíyè sí i pé Àrínọlá kì í ṣe ọmọ burúkú. Kò jalè, kò bú àgbà. Ó kàn fi ohun tí kò tí ì rí ṣakọ lójú ẹgbẹ́ ni, nígbà tí ohun náà kò sì dé lásìkò, ó fi ohun tó wà nílé dí àlàfo rẹ̀. Ẹ̀rín ẹgbẹ́ kì í pẹ́ lára bí a ṣe rò; àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín ti gbàgbé. Ẹni tí wọ́n bá rán níṣẹ́, kí ó jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán an. Bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n òtítọ́ tó bá a kì í bá a tún ohun tó ti bàjẹ́ ṣe.

Mọ́tò náà wà ní Lẹ́kí títí di òní. Màmá Bàṣírátù kò jókòó sínú rẹ̀. Iná tí wọ́n gbé wá láti ààrò ìyá wọn ti kú, kò sì sí ẹyin rẹ̀ kan níbi kankan mọ́.